Igi Súmákì Lórí Òkè Oníná Ilẹ̀ Hàwáì

Súmákì ni orúkọ ọ̀wọ́ àwọn igi kéékèèké kan tí wọ́n jẹ́ ẹbí máńgòrò, kajú àti ìyeyè, tí wọ́n sì wọ́pọ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà, ní Éṣíà àti ní agbègbè Òkun Mẹditaréníà. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí àwọn ọmọ bíbí Hàwáì ń pè ní neneleau, kò sí níbòmíràn láyé àfi ní àwọn erékùṣù wọn, tí òkè oníná fi òkúta yíyọ́ tó ń tú jáde láti inú ilẹ̀ mọ láti ìsàlẹ̀ òkun wá. Igi náà kì í sábà ga ju mítà 8 lọ, ìsàlẹ̀ òkè ló sì fẹ́ràn, títí dé nǹkan bíi mítà 600 sókè ju omi òkun lọ.

Ilẹ̀ tí òkúta yíyọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bò kì í gba ewéko bọ̀rọ̀, nítorí pé, yàtọ̀ sí pé kò sí erùpẹ̀ níbẹ̀, náítírójìn tí ewéko nílò láti dàgbà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú òkúta náà. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn ni ẹ̀dá funfun wẹ́wẹ́ kan tó jẹ́ olú àti ewédò tí wọ́n jọ ń gbé pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ewéko aláìtanná, ìbátan èyí tó máa ń hù sára ọ̀pẹ lọ́dọ̀ tiwa, yóò yọ nínú pàlàpálá òkúta níbi tí omi àti eruku bá ti rí àyè dúró sí. Igi ʻōhiʻa, tí irúgbìn rẹ̀ fúyẹ́ débi pé afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ bí eruku, kì í pẹ́ dé. Neneleau kì í ṣe ara àwọn aṣáájú wọ̀nyí, ibi tí erùpẹ̀ bá ti ń kó jọ, tí oòrùn sì ń ràn dáadáa, ni tirẹ̀.

Inú gbòǹgbò ni agbára rẹ̀ wà. Gbòǹgbò náà máa ń nà gbọọrọ lábẹ́ ilẹ̀, yóò sì máa ta ọmọ sókè bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń ta ọmọ, àmọ́ ọmọ neneleau lè yọ níbi tó jìnnà sí ìyá rẹ̀ ju ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, igi kan ṣoṣo lè di igbó, tí ẹni tó ń kọjá yóò rò pé ọ̀pọ̀ igi ni òun ń wò, nígbà tó jẹ́ pé ara kan náà ni gbogbo wọn. Èso rẹ̀ pupa, ó sì kéré. Irú èso súmákì báyìí ni ẹyẹ máa ń jẹ, tí wọ́n sì ń gbé hóró rẹ̀ lọ síbi tí gbòǹgbò kò lè dé. Èèpo hóró súmákì le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀, ìdí nìyí tí hóró fi lè sùn nínú ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó hù, tó sì jẹ́ pé, nínú ọ̀pọ̀ irú súmákì, ooru iná igbó ló ń la èèpo náà.

Ohun tí òkè bá tú jáde ló ń pinnu bí igi náà yóò ṣe padà. Bó bá jẹ́ eérú fẹ́lẹ́ tàbí iná tó jó orí igi nìkan, gbòǹgbò tó wà nísàlẹ̀ yóò tún rú, kò ní dúró de irúgbìn kankan. Bó bá jẹ́ òkúta yíyọ́ tó nípọn, gẹ́gẹ́ bí èyí tí òkè Kīlauea tú sí agbègbè Puna lọ́dún 2018, tó pa ilé tó lé ní 700 run, gbòǹgbò àti hóró ni yóò jóná pọ̀, ewéko yóò sì ní láti ti ẹ̀gbẹ́ wọlé. Orísun irúgbìn nígbà náà ni àwọn ibi tí òkúta yíyọ́ yí ká ṣùgbọ́n tí kò bò mọ́lẹ̀, tí àwọn ará Hàwáì ń pè ní kīpuka, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdàgbà máa ń yá ní ìhà tí òjò ti ń rọ̀ púpọ̀ ju ìhà gbígbẹ lọ.

Lóde òní, àwọn igi àjèjì, pàápàá gúáfà kan tó wá láti Bràsíì, ń gba ilẹ̀ mọ́ àwọn igi ìbílẹ̀ lọ́wọ́ níbẹ̀, ojú tí àwọn olọ́gbà sì fi ń wo igi tó ń ta ọmọ káàkiri bíi neneleau, pé wàhálà inú ọgbà ni, kò bọ́gbọ́n mu lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí pé gbòǹgbò yẹn gan-an ló ń di erùpẹ̀ mú kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbin igi ìbílẹ̀ sí irú ibẹ̀ yóò rí i pé neneleau dára, bó bá lè fi àyè tó tó sílẹ̀ fún un.