Àwọn Bakitéríà Tó Ń Jẹ Oògùn Apakòríko

Àgbẹ̀ tó bá fín oògùn apakòríko tó ń jẹ́ atrazine sóko àgbàdo rẹ̀ lọ́dún yìí kò ní bá gbogbo rẹ̀ nínú ilẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àgbàrá á gbé díẹ̀ lọ, díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, bakitéríà inú ilẹ̀ á sì lè jẹ púpọ̀ nínú ìyókù. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ bá wa tún ilẹ̀ ṣe o. Oúnjẹ ni wọ́n ń wá.

Kí koríko tó hù ni àwọn àgbẹ̀ àgbàdo àti ìrèké sábà máa ń fín oògùn yìí. Gbòǹgbò koríko á fà á mu, tó bá sì dé inú ewé, kò ní jẹ́ kí ewé lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ mọ́. Àgbàdo kì í kú ní tirẹ̀, torí ó ní ohun tó fi ń sọ oògùn náà di aláìlágbára nínú ara rẹ̀.

Bí a bá wo ẹyọ atrazine kan ṣoṣo, bí òrùka ló rí: kábọ̀ọ̀nù mẹ́ta àti náítírójìn mẹ́ta, wọ́n to ara wọn ní ọ̀kan-yìí-ọ̀kan-yẹn. Klórínì kan so mọ́ òrùka náà. Náítírójìn méjì mìíràn tún so mọ́ ọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìrù kábọ̀ọ̀nù tirẹ̀. Náítírójìn márùn-ún lápapọ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni náítírójìn la torí rẹ̀ ń ra ajílẹ̀.

Ní 1995, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Minnesota, Mandelbaum, Allan àti Wackett, kọ̀wé nípa bakitéríà kan tí wọ́n pè ní Pseudomonas ADP. Inú ilẹ̀ tí oògùn apakòríko ti dà sí ni wọ́n ti rí i. Wọ́n po atrazine mọ́ oúnjẹ bakitéríà nínú àwo títí ó fi ṣú, wọn ò sì fi náítírójìn mìíràn sí i. Ibi tí bakitéríà tó lè jẹ ẹ́ bá ti hù, àyíká rẹ̀ á mọ́ gaara.

Ẹ́ńsáìmù mẹ́fà, ìyẹn àwọn èròjà tí bakitéríà fi ń tú oúnjẹ palẹ̀, ló ń tú atrazine ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Èyí àkọ́kọ́, AtzA, ló ṣe pàtàkì jù lójú mi: ó ń yọ klórínì kúrò, ó sì ń fi ohun tó mú láti ara omi dípò rẹ̀. Ohun tó kù lẹ́yìn ìyẹn kò lè pa koríko mọ́. AtzB àti AtzC á gé ìrù méjèèjì, AtzD á la òrùka, àwọn méjì tó kù á sì sọ ọ́ di amóníà àti kábọ̀ọ̀nù dáyọ́ksáìdì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé nǹkan bí ọdún 1958 ni ilé iṣẹ́ Geigy ti Switzerland ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé atrazine jáde. Níbo ni bakitéríà ti rí AtzA? Ó jọ pé ara ẹ́ńsáìmù mìíràn ló ti wá, TriA, tó ń ṣiṣẹ́ lórí melamine, ohun tí wọ́n fi ń ṣe àwo ìjẹun. Amino acid, ìyẹn àwọn ègé tí ẹ́ńsáìmù fi ń kọ́ra, 475 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjèèjì, mẹ́sàn-án péré ni wọ́n sì fi yàtọ̀ síra. Síbẹ̀, TriA fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ṣe atrazine ní nǹkan kan. Nínú Pseudomonas ADP, orí plásímíìdì ni àwọn jíìnì iṣẹ́ yìí wà, ìyẹn DNA kékeré tí bakitéríà kan lè fi fún òmíràn. Wọ́n ti rí irú jíìnì bẹ́ẹ̀ ní kọ́ńtínẹ́ǹtì tó ju ẹyọ kan lọ.

Nínú oko tí wọ́n ti ń fín atrazine lọ́dọọdún, àwọn bakitéríà yìí á pọ̀ sí i. Oògùn tí ìdajì rẹ̀ lè pẹ́ tó oṣù méjì nínú ilẹ̀ mìíràn á dín sí ìdajì láàárín ọjọ́ díẹ̀, koríko á sì tètè padà. Òótọ́ ni pé ayédèrú oògùn wà lọ́jà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló máa ń fa èyí nígbà gbogbo. Kí àgbẹ̀ má fi kún ìwọ̀n tó ń fín. Kí ó lo ọ̀nà mìíràn fún ọdún mélòó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ ọkọ́ ni yóò fi ro ó. Bí ajílẹ̀ bá pọ̀ nílẹ̀, bakitéríà máa ń rí náítírójìn tó rọrùn láti jẹ, wọn kì í sì yára kan atrazine. Ọ̀dá náà ń dá wọn dúró.

Inú erùpẹ̀ òkè ni púpọ̀ àwọn bakitéríà yìí ń gbé. Atrazine tó bá ti jò kọjá ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ lè wà nínú omi abẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi yọ ọ́ kúrò lára oògùn tí wọ́n fàyè gbà ní 2004 nìyẹn: omi abẹ́ ilẹ̀ wọn ti ń kọjá òṣùwọ̀n 0.1 máíkírógíráàmù nínú lítà kan.