Bí Ìjánu Ọkọ̀ Bá Ń Jò

Ọ̀dọ̀ ẹṣin ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà ‘ìjánu’ fún búrẹ́ẹ̀kì. Bí ìjánu bá já lẹ́nu ẹṣin, ẹni kan ni yóò ṣubú. Bí ti ọkọ̀ tó kó iṣu àti èrò bá já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀mí púpọ̀ ni ó wà nínú ewu.

Páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gba abẹ́ ọkọ̀ ni ọ́ìlì ń gbà gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ dé ìdí táyà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń lò ní Ọ̀wọ̀, Ìfọ̀n àti Ìdóàní, tòkunbọ̀ ni. Ní ìlú òtútù, wọ́n a máa da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yìí a sì máa mú kí irin tètè dípẹtà. Ohun tí ìpáàrà bẹ̀rẹ̀ lókè òkun, ẹrẹ̀ ọ̀nà oko wa ni ó ń bá a parí.

Bí ọ́ìlì bá ń dín kù, tàbí tí búrẹ́ẹ̀kì ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ náà jáde. Bí ẹ bá fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀, jáàkì nìkan kò tó. Ẹ gbé e lé irin tó lágbára. Ibi tí wọ́n ti de páìpù mọ́ ara ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ń sá pamọ́ sí.

Àwọn kan a fi rọ́bà dì í, àwọn mìíràn a tẹ páìpù táyà kan pa. Ẹ̀tàn ni. Agbára ọ́ìlì yóò já rọ́bà. Ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ kan kò gba búrẹ́ẹ̀kì yóò sì máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Páìpù bàbà ti fíríìjì náà kò yẹ, nítorí ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀ lè mú un sán. Páìpù tí wọ́n ṣe fún búrẹ́ẹ̀kì ni kí a fi pààrọ̀ rẹ̀ láti ìdí dé orí. Irinṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń fẹ ẹnu rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní i, kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún mẹkáníìkì.

Lẹ́yìn èyí, a óò lé atẹ́gùn jáde, nítorí atẹ́gùn ṣeé fún pọ̀, kì í sì í jẹ́ kí búrẹ́ẹ̀kì mú. Ẹnì kan yóò tẹ búrẹ́ẹ̀kì mọ́lẹ̀. Èkejì yóò tú nọ́ọ̀tì kékeré ìdí táyà, yóò sì dè é padà kí ti àkọ́kọ́ tó gbẹ́sẹ̀. Ọ́ìlì inú ìgò tí a kò tíì ṣí ni kí ẹ lò, nítorí a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́.

Ẹ dán an wò díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ìdí òkè kọ́ ni a ti ń wá ìjánu. Ilé ni a ti ń tún un ṣe.