Orí Okùn àti Ihò Fóònù: Èwo Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Gbó?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ orí okùn ṣájà rí. Àfojúsùn àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí àwọn tó ń ṣe é ṣe yan apá tí yóò kọ́kọ́ gbó, àti àǹfààní tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ni fóònù.

Ohun méjì ló ń pàdé níhìn-ín: orí okùn, tí í ṣe akọ, àti ihò ara fóònù, tí í ṣe abo. Irin tín-ín-rín kan máa ń tẹ̀ nígbà tí a bá ki akọ bọ abo, kí wọ́n lè di ara wọn mú. Irin tó ń tẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní ṣàì gbó.

USB jáde ní ọdún 1996, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tóbi ju ohun èlò kéékèèké lọ. Mini-USB tẹ̀ lé e ní ọdún 2000. Nígbà tí Micro-USB dé ní ọdún 2007, wọ́n fi irin tó ń tẹ̀ náà sí orí okùn, wọ́n sì ṣe é kí ó lè gba kíkì bọ̀ àti yíyọ ní ìgbà 10,000. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ó rọrùn láti ra okùn mìíràn, ṣùgbọ́n ara bọ́ọ̀dù inú fóònù ni ihò lẹ̀ mọ́. Type-C, tó jáde ní ọdún 2014, kò yà kúrò lójú ọ̀nà yìí. Ojú irin 24 ló ní, ní ìlà méjì, èyí tó jẹ́ kí a lè kì í bọ̀ níhà méjèèjì.

Ti síìmù káàdì yàtọ̀. Ojú irin pẹlẹbẹ ló wà lára káàdì. Inú fóònù ni irin tó ń tẹ̀ wà, nítorí a kì í sábà yọ káàdì. Síìmù nano nípọn ní mílímítà 0.67, ti àtijọ́ sì jẹ́ 0.76. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ọ̀bẹ gé síìmù àtijọ́, tó sì fi ipá tì í wọ ihò nano, lè ba irin inú fóònù jẹ́.

Ní ìparí, bí fóònù kò bá gba iná mọ́, ẹ kọ́kọ́ fi okùn mìíràn dán an wò. Lẹ́yìn náà, ẹ pa fóònù, kí ẹ sì fi igi tín-ín-rín tó gbẹ yọ èérún òwú inú ihò rẹ̀; ẹ má ṣe lo abẹ́rẹ́. Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, ìgbà náà ni ó tó kí ẹ sanwó fún pípààrọ̀ ihò.