Bí A Ṣe Lè Kó Àwọn Ọmọ Lọ Pàgọ́ ní Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ, Kí Wọ́n sì Padà Wálé ní Àlàáfíà

Ní ọdọọdún, bí àwọn ilé-ìwé bá ti wọ ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àwọn òbí a máa wá ohun tí àwọn ọmọ yóò fi ọwọ́ mú títí di oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀kọ́ ìsinmi máa ń gba apá kan nínú àkókò náà; tẹlifíṣàn àti fóònù ni ó máa ń gba ìyókù. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí, ilé ìjọsìn àti ẹgbẹ́ òbí kan wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ jáde lọ pàgọ́ fún òru méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n lè mọ òkè, odò àti igbó ilẹ̀ wọn. Àṣà yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹgbẹ́ Síkáòtù ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1915, àwọn baba wa pẹ̀lú sì mọ ahéré oko, níbi tí tọmọdé-tàgbà ti ń sùn nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ tí ó dàgbà sí ahéré ti mọ ewé tí ń yúnni lára àti ihò tí kò yẹ kí á ki ọwọ́ bọ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún méje. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí à ń kó lọ lónìí kò tíì sùn síta rí.

Èrò wa ni pé ìrìnàjò yìí dára, a sì ń gba ẹ̀yin òbí níyànjú láti ṣe é. Ohun tí ó máa ń sọ ọ́ di ewu kì í sábà jẹ́ igbó fúnra rẹ̀. Ohun tí a kò bójú tó nílé kí á tó gbéra ni.

Òjò ni kí á kọ́kọ́ rò. Ní agbègbè wa, òjò máa ń pọ̀ ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, lẹ́yìn náà ni yóò tún padà pẹ̀lú agbára ní oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kẹwàá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kó ọmọ lọ sùn sínú àgọ́, kí ó fojú sí oṣù kẹjọ. A kò sọ pé òjò kò ní rọ̀ rárá nínú oṣù náà, nítorí ọdún kì í jọra. Ṣùgbọ́n odò kì í kún lójijì nígbà náà bí ó ti máa ń kún nínú oṣù kẹsàn-án.

Àwa tí à ń kọ èyí ti jẹ ìyà àìmúrasílẹ̀ yìí rí. Ní ọdún kan, àwa òṣìṣẹ́ mélòó kan kó àwọn ọmọ wa mọ́kànlá jáde ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹsàn-án, nítorí pé ìgbà náà ni ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ sí fún wa. Ọkọ̀ wa pẹ́ kí ó tó gbéra, ilẹ̀ sì ti ṣú kí á tó dé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ti fojú rí ibẹ̀ ní ọ̀sán. Ńṣe ni wọ́n júwe rẹ̀ fún wa. A pa àgọ́ sí etí odò kékeré kan nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, iyanrìn rẹ̀ sì rọ̀ bíi tìmùtìmù. Iyanrìn náà gan-an ni ì bá sọ fún wa pé odò máa ń dé ibẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí ó kó o wá. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan jí ìyá rẹ̀, ó ní ẹní òun tutù. Òjò kò kán sí wa lórí rárá. Orí òkè ni ó ti rọ̀, àgbàrá rẹ̀ ni ó dé ọ̀dọ̀ wa.

A kó àwọn ọmọ jáde nínú òkùnkùn, a sì kà wọ́n. Wọ́n jẹ́ mẹ́wàá. A tún wọn kà, mẹ́wàá náà ni. Ọ̀kan nínú wa ti wọ inú omi dé orúnkún tí ó ń pe orúkọ ọmọ kí á tó rí i pé inú ọkọ̀ ni ọmọ náà ti sùn láti alẹ́, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kò sí ẹni tí ó gbàgbé rẹ̀ nínú wa títí di òní.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń tẹnu mọ́ ọn fún gbogbo ẹni tí ó bá béèrè lọ́wọ́ wa pé kí àgbà kan lọ wo ibẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kí ó wo bóyá koríko tí ó wà níbẹ̀ dojú kọ ọ̀nà kan ṣoṣo, bí ẹni pé a fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kí ó wo bóyá pàǹtí rọ̀ mọ́ ara igi létí odò, nítorí ibi tí pàǹtí bá ga dé ni omi ga dé. Kí ó gbé ojú sókè pẹ̀lú, kí ó má bàa jẹ́ pé abẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ ni wọn yóò pàgọ́ sí. Orí ilẹ̀ tí ó ga díẹ̀ ju odò lọ ni ó dára jù, kí igi ńlá kan má sì dá dúró níbẹ̀, nítorí àrá. Bí àrá bá ti ń sán, kí gbogbo ọmọ kúrò nínú àgọ́ àti lábẹ́ igi, kí wọ́n wọ inú ilé tàbí inú ọkọ̀ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí wọ́n má sì jáde títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn èyí tí ó sán kẹ́yìn.

Kíka ọmọ kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo ènìyàn. Iṣẹ́ tí a bá fi sílẹ̀ fún gbogbo àgbà, kò sí àgbà tí ó máa ń ṣe é. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ sórí ìwé, kí ẹ pín wọn sí ọwọ́ àwọn àgbà, kí ọmọ tí ó wà lábẹ́ àgbà kan má ju márùn-ún lọ. Kí àgbà náà ka àwọn tirẹ̀ ní òwúrọ̀, kí wọ́n tó wọ omi, bí wọ́n bá ti jáde nínú omi, àti kí wọ́n tó sùn. Kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, àti oògùn tí ó ń lò. Bí ọmọ kì í bá ṣe tiyín, ẹ gba ìyọ̀ǹda òbí rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, kì í ṣe lórí fóònù nìkan. Ohun kan sì tún wà tí ojú máa ń ti àwọn ènìyàn láti sọ, a ó sì sọ ọ́: àgbà kankan kò gbọdọ̀ dá nìkan sùn sínú àgọ́ kan pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ, ìbáà jẹ́ àǹtí, ìbáà jẹ́ búrọ̀dá, ìbáà jẹ́ olùkọ́.

Fún ẹni tí ó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, a ó dárúkọ Ìkógòsì-Èkìtì ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì. Ibẹ̀ ni omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun láti inú ilẹ̀, tí wọ́n ṣàn títí wọ́n fi pàdé. Ẹni tí ó bá dúró ní ibi ìpàdé náà lè ki ẹsẹ̀ kan bọ inú èyí tí ó gbóná, kí ó ki èkejì bọ inú èyí tí ó tutù. Àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń sọ pé ìyàwó ọdẹ kan ni àwọn méjèèjì, tí wọ́n jọ jà tí wọ́n sì di omi, àti pé ìyàwó tí inú ń bí jù ni ó gbóná. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìtàn yìí, ó sì dára kí ará ìlú náà fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn. Ìdí tí a fi mú Ìkógòsì ni pé ilé wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè sá sí bí òjò bá dé, òṣìṣẹ́ sì wà níbẹ̀. Ẹ kàn sí wọn ṣáájú láti mọ ibi tí wọ́n gbà kí á pa àgọ́ sí àti iye tí wọn yóò gbà. Ìsun omi Arinta ní Ìpólé-Ìlórò kò jìnnà sí ibẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí à ń lọ wò ní ọ̀sán tí a sì ń padà ni a kà á sí fún àwọn ọmọ kéékèèké. Òkúta ẹsẹ̀ ìsun omi náà máa ń yọ̀, bí omi bá sì ti yí àwọ̀ padà sí ti ẹrẹ̀ lójijì, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ láìwo ojú ọ̀run.

Bí ó bá jẹ́ ibòmíràn ni ẹ yàn, ẹ kọ́kọ́ lọ kí Ọba tàbí Baálẹ̀ ìlú tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ rò pé igbó lásán ni lè jẹ́ oko olóko tàbí igbó orò. Ẹ sì jẹ́ kí àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn Àmọ̀tẹ́kùn agbègbè náà mọ ọjọ́ tí ẹ ó dé, iye yín àti ọjọ́ tí ẹ ó padà. Ẹ má ṣe rin ìrìnàjò náà ní alẹ́. Ní àkókò tí a wà yìí, a kò ní fi èyí sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀: bí ọkọ̀ kò bá lè gbéra kí ó tó di ọ̀sán, ẹ sún ìrìnàjò náà di ọjọ́ kejì, bí àwọn ọmọ tilẹ̀ ń sunkún. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè yìí. Kí àwọn ọmọ tí ó ti gbọ́n mọ̀ ọ́n sórí.

Kí ọjọ́ tó pé, ẹ pa àgọ́ náà sí ẹ̀yìnkùlé yín ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ó ń jò, ibẹ̀ ni ẹ ó sì ti mọ ọmọ tí òkùnkùn ń bà lẹ́rù, èyí tí ó ń tọ̀ sílé àti èyí tí ó máa ń rìn lójú oorun. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́ nǹkan wọ̀nyí ní ibi tí ó jìnnà sílé. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tọ́ọ̀ṣì kékeré àti fèrè bíi ti rẹfirí, tí ó so mọ́ ọrùn. Ẹ kọ́ wọn pé ọmọ tí ó bá sọnù kò gbọdọ̀ máa rìn kiri: kí ó dúró ti igi tí ó bá sún mọ́ ọn, kí ó sì máa fun fèrè náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta-mẹ́ta.

Ní ti omi, ẹ gbé omi mímu tí ó tó láti ilé. Bí ó bá tán, kí ẹ sì lo omi odò, ẹ sè é kí ó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Mímọ́ lójú kò tó. Omi tí kò ṣàn tàbí tí ó ń ṣàn jẹ́jẹ́, tí ìgbín omi wà nínú rẹ̀, kò dára fún wíwẹ̀, nítorí àtọ̀sí ajá. Ẹ mú ORS lọ́wọ́ fún ọmọ tí inú rẹ̀ bá ń ṣu, kí ẹ pò ó bí wọ́n ti kọ ọ́ sára rẹ̀. Oúnjẹ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ se èyí tí ẹ ó jẹ tán lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ má ṣe fi ọbẹ̀ ọjọ́ kan sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ iná ni a fẹ́ kí gbogbo òbí kà lẹ́ẹ̀mejì. Alẹ́ oṣù kẹjọ máa ń tutù ní agbègbè olókè wa, ó sì máa ń wu ènìyàn láti gbé àdògán èédú wọ inú àgọ́ kí ara àwọn ọmọ lè móoru. Ẹ má ṣe é láé, bí iná náà tilẹ̀ ti kú, tí ó ku ẹ̀ṣẹ́ná nìkan. Èédú máa ń tú èéfín olóró kan jáde tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí, tí ó lè pa gbogbo ẹni tí ó wà nínú àgọ́ lójú oorun wọn. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀. Kí ó jìnnà sí ibi tí ẹ sùn sí. Súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì ni oògùn òtútù.

Bí ọmọ kan bá wà láàárín wọn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òtútù, àárẹ̀ àti òùngbẹ lè fa ìrora fún un, nítorí náà kí ó máa mu omi léraléra, kí ó má sì pẹ́ nínú omi tútù bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ lọ láìmú oògùn ìfàsímú rẹ̀. A kò sọ pé kí a fi àwọn ọmọ wọ̀nyí sílẹ̀ nílé. Àgbà tí ó mọ ọ̀rọ̀ wọn ni ó yẹ kí wọ́n wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má ṣe fi okùn dí ojú ibẹ̀, ẹ má ṣe fi abẹ là á, ẹ má sì fi ẹnu fa á. Ẹ jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ó má mi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó lọ wo ibẹ̀ ṣáájú fi gbọdọ̀ mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ibẹ̀ jù, tí ọkọ̀ kan sì gbọdọ̀ wà lọ́dọ̀ yín tọ̀sán-tòru.

Ẹ̀fọn tí ń fa ibà máa ń jẹni ní alẹ́, nítorí náà kí àwọ̀n ẹ̀fọn tí a ti fi oògùn sí wà lórí ibùsùn gbogbo ọmọ, kí wọ́n sì wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Lẹ́yìn tí ẹ bá padà dé, ẹ máa kíyè sí ara àwọn ọmọ fún oṣù kan. Ibà tí a kó ní ibùdó kì í fi ara hàn lọ́jọ́ kejì. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, nígbà tí òbí ti gbàgbé ìrìnàjò náà. Bí ara ọmọ bá gbóná láàárín àkókò yìí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó wà ní wọ́ọ̀dù yín fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó ra oògùn kankan, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọ náà sùn síta, àti ibi tí ó sùn sí.