Oorun Òru àti Òògbé Ọ̀sán Láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń tòògbé nígbà tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kì í pẹ́ gba orúkọ ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé òun gan-an ni ó kàwé mọ́jú. Ohun méjì tí ó so kọ́ra ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lé. Èkíní ni bí oorun ṣe dára tó, èyí tí kì í ṣe ti iye wákàtí nìkan, nítorí ẹni tí ó dùbúlẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, tí ó sì ń ta jí lemọ́lemọ́, kò tíì rí oorun tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Èkejì ni òògbé ọ̀sán, ìyẹn ni kí oorun máa kun ènìyàn ní àkókò tí ó yẹ kí ojú rẹ̀ dá ṣáká.

Àwọn onímọ̀ ti wá òṣùwọ̀n fún méjèèjì. Ní ọdún 1989, Daniel Buysse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tí ó ń yẹ oorun oṣù kan wò láti ìhà méje. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 21, ẹni tí tirẹ̀ bá sì ju 5 lọ ni wọ́n kà sí ẹni tí oorun rẹ̀ kò dára. Ní ọdún 1991, Murray Johns, dókítà kan ní ilé ìwòsàn Epworth ní Melbourne, Ọsirélíà, ṣe ti òògbé: ó béèrè bí ó ṣe rọrùn tó fún ènìyàn láti tòògbé ní ipò mẹ́jọ, bíi ìgbà tí ó bá jókòó tí ó ń kàwé tàbí ìgbà tí ó bá ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá gba ju 10 lọ nínú 24, òògbé tirẹ̀ ti kọjá bó ṣe yẹ.

Ipá méjì ni ó ń darí oorun, gẹ́gẹ́ bí Alexander Borbély ṣe là á kalẹ̀ ní ọdún 1982. Ọ̀kan ń pọ̀ sí i níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn kò bá tíì sùn: èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adẹ́nòsíìnì ń kóra jọ nínú ọpọlọ láti àárọ̀, oorun ni ó sì ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kọfí àti obì, tí káféènì wà nínú wọn, kì í mú un kúrò. Ṣe ni wọ́n kàn ń dí ibi tí ọpọlọ fi ń mọ̀ pé ó ti pọ̀, nígbà tí agbára wọn bá sì tán, gbèsè oorun náà á ṣì wà nílẹ̀ fún sísan. Ipá kejì ni aago inú ara, ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kékeré kan nínú ọpọlọ tí ó ń fi ìmọ́lẹ̀ mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Láti ìgbà ìbàlágà títí wọ ogún ọdún ó lé díẹ̀, aago yìí máa ń pẹ́ ju ti àgbàlagbà lọ, tí oorun kì í fi í tètè kun ọ̀dọ́, ìmọ́lẹ̀ fóònù lóru sì ń dá a dúró sí i. Bẹ́ẹ̀ wákàtí méje sí mẹ́sàn-án ni àwọn onímọ̀ ní kí ẹni ọdún 18 sí 25 máa sùn.

Ní Nàìjíríà, àṣà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní TDB, ìyẹn kíkàwé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ń dá kún ìṣòro náà, débi pé àwọn mìíràn ń jẹ obì tàbí kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí oorun má baà gbé wọn. Kì í ṣe àṣà àná. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Aró ní Abẹ́òkúta, kọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń gbóná fún, tí ohun tí wọ́n ń kà kò sì yé wọn mọ́. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Morákinyọ̀ ti Yunifásítì Ifẹ̀ so àìsàn yìí pọ̀ mọ́ àìsùn àti àwọn ohun amójúdá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò nítorí pé wọ́n fẹ́ yege lọ́nàkọnà. Ohun tí ó dunni jù níbẹ̀ ni pé inú oorun ni ọpọlọ ti ń fi ẹ̀kọ́ ọ̀sán múlẹ̀ nínú iyè, nítorí náà ẹni tí ó kàwé mọ́jú ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ohun tí ó ń wá gbà.

Síbẹ̀, kò tọ́ láti di gbogbo ẹ̀bi ru akẹ́kọ̀ọ́. Yàrá tí wọ́n kọ́ fún ènìyàn mẹ́rin tí mẹ́jọ ń sùn sí, ooru nígbà tí iná bá lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀fọn kò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn wọra, ẹni tí ó sì ń ti ilé wá ní Èkó ní láti jí ní ìdájí nítorí súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀. Ilé gbígbé titun yóò gba owó ńlá, ṣùgbọ́n sísún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́sàn-án kò ná àwọn aláṣẹ ní ohun tí ó tó bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n ti ṣe é.

Ti ẹni tí ó ń sùn tó tí òògbé kò sì fi lọ́rùn sílẹ̀ yàtọ̀. Ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tàbí àìsàn tí èémí fi ń dá dúró lójú oorun, èyí tí ìhanrun líle máa ń bá rìn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti lọ rí dókítà, kí ó sì mú àkọsílẹ̀ ìgbà tí ó ń sùn àti ìgbà tí ó ń jí fún ọ̀sẹ̀ méjì dání, nítorí lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í nìyẹn.