Àwo Rẹ́kọ́ọ̀dù Tí Omíyalé Bá: Ẹ Má Tíì Dà Á Nù

Ẹ̀yin ará wa, nínú ẹrù tí à ń rí lórí ààtàn lẹ́yìn omíyalé yìí, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù wà níbẹ̀. Páálí rẹ̀ ti rà, ẹrẹ̀ sì ti bò ó. Ẹ dúró ná. Ike tí wọ́n fi ṣe é kì í mu omi. Ẹrẹ̀ tí ẹ bá fi gbígbẹ ha kúrò lára rẹ̀ àti oòrùn tí ẹ bá sá a sí ló ń bà á jẹ́.

A mọ̀ pé ilé àti oúnjẹ ló ká yín lára báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn olórin jùjú, àpàlà àti fújì máa ń ki ènìyàn nínú àwo wọn. Bí wọ́n bá ki bàbá tàbí ìyá yín nínú ọ̀kan, níbo lẹ ó ti rí òmíràn rà? Irú èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀.

Ẹ má fi omi mímu fọ àwo o. Omi òjò tí ẹ fi aṣọ sẹ́ dára fún un. Ohun tó wà nínú ṣáláńgá ti dàpọ̀ mọ́ omi àgbàrá, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì bo imú.

Ẹ rọra da omi tútù lé àwo náà títí ẹrẹ̀ yóò fi ṣàn lọ. Bí ó bá ti gbẹ mọ́ ọn lára, ẹ jẹ́ kí omi rọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ díẹ̀ sínú omi mìíràn, kí ẹ fi aṣọ òwú tó rọ̀ nù ún. Kí ọwọ́ yín máa bá ilà tó yí àwo ká lọ. Ẹ má nù ún dábùú. Kànìnkànìn le jù, yóò ha á. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù kàn án. Ẹ má ṣe fọwọ́ ra bébà tó wà láàrin rẹ̀, nítorí orúkọ olórin wà níbẹ̀. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án.

Àwọn àwo àtijọ́ tó wúwo, tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, máa ń fọ́ bí tánganran. Ẹ má rẹ ìwọ̀nyí sínú omi, ẹ má sì fi sípíríìtì kàn wọ́n, nítorí yóò yọ́ wọn. Ẹ tètè nù wọ́n gbẹ.

Ẹ to àwo ní òòró sínú irin tí ẹ fi ń to abọ́, kí ọ̀kan má fara kan èkejì, lábẹ́ ìbòòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹ má gbé e sórí páànù tàbí sẹ́bàá ààrò. Bí ooru bá mú un, yóò wọ́, abẹ́rẹ́ kò sì ní lè tẹ̀lé ilà rẹ̀ mọ́.

Páálí tó rin ṣòro díẹ̀. Láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ó lè bu, kí nǹkan funfun máa hù lára rẹ̀. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ. Àwo ló ní orin nínú. Bébà funfun tó gbẹ tó láti fi wé àwo, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára.

Bí omi bá wọ inú gírámáfóònù, ẹ má ki wáyà rẹ̀ bọ iná títí oníṣẹ́ iná yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.