Ẹ Má Jẹ́ Kí Àga Ọ́fíìsì Ba Ẹ̀yìn Yín Jẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé oko ríro àti ẹrù rírù nìkan ló ń ba ẹ̀yìn jẹ́. Ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, kò sí ẹni tó ń ru ẹrù. Síbẹ̀, bó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, "ẹ̀yìn ń dùn mí" kì í wọ́n lẹ́nu wa. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan níbẹ̀ fi ìpara àti oògùn ìrora bá a yí fún oṣù mélòó kan, títí wọn kò fi lè pọn ọmọ wọn mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bá ènìyàn mílíọ̀nù 619 fínra lọ́dún 2020.

Báwo ni ìjókòó lásán ṣe ń dá ènìyàn lóró? Orí wa wúwo tó nǹkan bíi kílò 5. Bó bá dúró ṣánṣán lórí ọrùn, eegun ni yóò gbé e. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ síwájú, iṣan ọrùn àti ti èjìká ni yóò máa fà á padà. Ẹ gbé korobá omi mọ́ àyà, lẹ́yìn náà kí ẹ na ọwọ́ gbé e síwájú. Ẹ óò rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù ló ń fa wàhálà yìí jù, nítorí ojú rẹ̀ àti kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ so pọ̀: bí ó bá bá ọwọ́ mu, ọrùn ni yóò jìyà, bí ó bá bá ọrùn mu, ọwọ́ ni yóò jìyà. Èmi to ìwé sábẹ́ tèmi títí etí òkè rẹ̀ fi bá ẹyinjú mi dọ́gba, mo sì ra kíbọ́ọ̀dù àti máòsì lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí yín níwọ̀n apá kan. Kí ìgúnpá wà nítòsí ìhà, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kò bá tólẹ̀, ẹ wá àpótí gbé e lé. Bí àlàfo bá wà láàrin ìbàdí yín àti àga, ẹ ká aṣọ ìnura, kí ẹ fi dí i.

Ṣùgbọ́n gbogbo ètò yìí kò tó. Ìjókòó tó gún régé jù lọ pàápàá, bí a bá wà nínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta láìmira, ìyà ni yóò dà. Ìyípadà ni ara ń fẹ́. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 30 ni mo máa ń dìde. Mo gbé omi mímu mi sí ibi tí ọwọ́ kò tó láti orí àga, orí ìdúró ni mo sì ti ń dáhùn fóònù.

Bí ìrora bá ń sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀, tàbí tí ọwọ́ bá ń ṣe yín bí ẹni pé èèrà ń rìn lára rẹ̀, ẹ má fi ìpara bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ tọ dókítà lọ. Bí orí àga ọ́fíìsì ni ẹ sì ti ń ka èyí, ẹ dìde díẹ̀ kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ. Ìlera loògùn ọrọ̀.